Ẹ̀KỌ́ 17: BÍ A ṢE Ń YAN OKÙN INÁ TÍ A Ń GBÉ KỌ́ ÀJÀ NÍBI IṢẸ́

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí:
— a máa lè ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ àti sára okùn iná;
— a máa mọ okùn tó lè gbé ẹ̀rọ wa, a máa mọ èyí tí kò lè gbé e;
— a máa mọ bí a ṣe ń gbé okùn kọ́ sókè tí kò fi ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

A. Ẹ JẸ́ KÁ KÀ Á



Ẹ jẹ́ ká wo ibi iṣẹ́ káfíńtà kan ní Kétu. Ojú iná kan ṣoṣo ló wà lára ògiri. Tábìlì iṣẹ́ wà láàárín ilé. Okùn iná gùn láti ara ògiri dé ìdí tábìlì, ó nà sílẹ̀ bí ejò. Èérún igi bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbé pákó kọjá. Kò rí okùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọ, ó ṣubú, okùn sì fa ayùn iná mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́.

Ọjọ́ mìíràn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tábìlì tẹ okùn yẹn mọ́lẹ̀. Awọ rẹ̀ bó. Bàbà inú rẹ̀ yọ síta. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọlé, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ibẹ̀, iná lè gbé e. Bí bàbà méjì bá kan ara wọn láàárín èérún igi, ilé lè jóná.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ káfíńtà nìkan. Aránṣọ ní Àjàṣẹ́ ń fa okùn lọ sídìí áyọ́ọ̀nù. Ajórin ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń fa tirẹ̀ jáde sí àgbàlá. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Pobẹ́ náà ń fà á. Nílẹ̀ ni gbogbo okùn yìí máa ń wà, ilẹ̀ la sì ń rìn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń gbé okùn iná kọ́ òkè. Bó bá wà lókè, ẹsẹ̀ kò ní kọ́ ọ, ẹrù kò ní tẹ̀ ẹ́, omi ilẹ̀ kò ní kàn án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo okùn tó wà lọ́jà ló yẹ ká gbé kọ́. Òmíràn máa ń gbóná lókè níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Nítorí náà, kí a tó san owó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kàwé tó wà lára rẹ̀.

B. Ọ̀RỌ̀ TÍ A GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Rálọ́ńjì: okùn iná gígùn tí a fi ń gbé iná láti ara ògiri lọ síbi tó jìnnà.
Akọ: orí okùn tó ní eyín, tó ń wọ inú ojú iná.
Abo: orí okùn tó ní ihò, tí ẹ̀rọ ń wọ̀ sí.
Fóòtì (V): bí iná ṣe ń ti ara rẹ̀ tó. Iná SBEE ní Bẹ̀nẹ̀ àti iná CEET ní Tógò, 220 V ni wọ́n.
Áńpẹ̀ (A): bí iná tó ń ṣàn nínú okùn ṣe pọ̀ tó.
Wáàtì (W): agbára tí ẹ̀rọ ń jẹ.
mm²: lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń sọ bí bàbà inú okùn ṣe nípọn tó.
Kẹ̀kẹ́ okùn: àpótí tí okùn iná ká sí nínú, bí òwú ṣe ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́ aránṣọ.

D. BÍ KẸ̀KẸ́ OKÙN ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àpótí róbótó ni. Òmíràn jẹ́ ike, òmíràn jẹ́ irin. A máa ń fi bóòtù dè é mọ́ igi àjà. Kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀, okùn iná sì ká mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín.

Bí a bá fa okùn wálẹ̀, irin yìí á máa le sí i. Bí a bá dúró, eyín kékeré kan á há kẹ̀kẹ́ mú, okùn á dúró níbi tí a fẹ́. Bí a bá ṣe tán, a ó tún fà á díẹ̀. Eyín á tú, irin á sì fa okùn padà wọ inú àpótí.

Ó dára púpọ̀. A kì í wá okùn kiri, a kì í ká a lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: okùn inú àpótí yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Tábìlì wa kò jìnnà, mítà 3 tàbí 4 la máa ń fà. Ìyókù wà ní kíká nínú àpótí, iná sì ń kọjá nínú gbogbo rẹ̀.

Iná tó ń kọjá nínú okùn máa ń mú ooru wá. Bí okùn bá nà gbalaja, atẹ́gùn á gbé ooru náà lọ. Bó bá ká lé ara wọn, ooru kò rí ọ̀nà jáde. Ó dà bí ènìyàn mẹ́wàá tó sùn sínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Awọ okùn á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara wọn, bàbà á kan bàbà. Iná ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

E. NỌ́ŃBÀ MÉJÌ TÓ WÀ LÁRA KẸ̀KẸ́ OKÙN

Lára kẹ̀kẹ́ okùn tó dára, wáàtì méjì ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

1000 W — bí okùn bá wà ní kíká
3000 W — bí a bá tú okùn jáde tán

Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kékeré ni «enroulé». Ìyẹn ni «kíká». Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá ni «déroulé». Ìyẹn ni «títú». Nígbà mìíràn wọn kì í kọ ọ̀rọ̀, àwòrán ni wọ́n máa ń yà: kẹ̀kẹ́ tó kún, àti kẹ̀kẹ́ tó ṣófo.

Ẹni tó ń tajà máa ń fi nọ́ńbà ńlá hàn wá. Nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ̀yin máa wò. Kẹ̀kẹ́ tó wà lájà, kíká ló máa ń wà. Nítorí náà, nọ́ńbà kékeré ni agbára rẹ̀ gan-an fún iṣẹ́ wa.

Bí wọn kò bá kọ nọ́ńbà kankan sára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ohun tó ń pa iná nígbà tí okùn bá gbóná jù wà nínú kẹ̀kẹ́ náà. Bótìnì kékeré kan ni ẹ máa rí lára àpótí. Bí okùn bá gbóná, bótìnì yẹn á yọ síta, iná á kú. A ó yọ ẹ̀rọ kúrò, a ó dúró kí ó tutù, ká tó tẹ̀ ẹ́ padà. Bó bá ń yọ lójoojúmọ́, ẹ má bínú sí i. Ó ń sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Ẹ. A KA ARA Ẹ̀RỌ WA

Ẹ yí ẹ̀rọ yín padà. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kékeré tàbí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà tí W tẹ̀ lé, òun ni wáàtì. Nọ́ńbà tí V tẹ̀ lé, òun ni fóòtì.

Àwọn tí a sábà máa ń rí nìyí:
— gílóòbù LED: 5 W sí 20 W;
— ẹ̀rọ tó ń dá igi lu: 500 W sí 800 W;
— ẹ̀rọ kékeré tó ń gé irin: 700 W sí 900 W;
— áyọ́ọ̀nù: 1000 W sí 2000 W;
— ayùn iná ọlọ́wọ́: 1200 W sí 1800 W;
— ẹ̀rọ ńlá tó ń gé irin: 2000 W sí 2400 W.

Tiyín lè yàtọ̀. Ohun tó wà lára ẹ̀rọ yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ wo fóòtì náà o. Àwọn ẹ̀rọ àlòkù kan ń ti Amẹ́ríkà wá, 120 V ni wọ́n kọ sí wọn lára. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ sínú iná 220 V wa, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Okùn dáadáa kò lè gbà á là.

Nǹkan mìíràn: ẹ̀rọ tó ń yí máa ń jẹ iná púpọ̀ ju ìyẹn lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ okùn bá gba 1000 W ní kíká, ẹ má fi ohun tó ju 800 W lọ sí i.

F. ÌNÍPỌN ÀTI GÍGÙN

Ìgbà mìíràn, a kì í ra kẹ̀kẹ́. Okùn lásán la máa ń rà, a ó sì fi ìkọ́ gbé e. Okùn yìí nà, kò ká, nítorí náà ó lè gbé iná tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnípọn bàbà inú rẹ̀ ni kí a wò:

0,75 mm² — kí ó má ju 6 A lọ, bíi 1300 W
1 mm² — kí ó má ju 10 A lọ, bíi 2200 W
1,5 mm² — kí ó má ju 16 A lọ, bíi 3500 W

Báwo la ṣe rí wáàtì yìí? A sọ fóòtì di púpọ̀ pẹ̀lú áńpẹ̀:
220 × 10 = 2200 W.

Ojú iná tó wà lára ògiri wa, 16 A ni èyí tó dára ń gbà. Nítorí náà, kò sí okùn tó lè mú kí ojú iná kan gbé ju 3500 W lọ. Bí a bá tiẹ̀ ra okùn tó nípọn bí apá, ojú iná ni yóò yọ́.

Gígùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná dà bí ẹni tó fi igbá tó ń jò pọn omi. Bí ọ̀nà bá kúrú, omi díẹ̀ ló máa dà. Bí ọ̀nà bá jìn, kí ó tó délé, igbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Bí a bá fa okùn 1,5 mm² gùn ní mítà 50, tí ẹ̀rọ tó ń jẹ 10 A wà ní ìkángun rẹ̀, bíi 12 V ló máa sọnù lọ́nà. Ẹ̀rọ á rí 208 V dípò 220 V. Bí okùn bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù ìyẹn, èyí tó máa sọnù á pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ á máa kérora, kò ní lágbára, yóò máa gbóná, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́. Ohun tó ń pa ẹ̀rọ àwọn tó ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa iná láti ilé aládùúgbò nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ra gígùn tó tó yín, kí ẹ má rà á jù. Bó bá ju mítà 25 lọ, ẹ ra 2,5 mm².

G. ÀWỌN OHUN MÍRÀN TÍ OJÚ GBỌ́DỌ̀ RÍ

1. Okùn mẹ́ta nínú. Bí a bá wo orí okùn tí a gé, ó yẹ ká rí okùn kéékèèké mẹ́ta nínú rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféèfèé pa pọ̀, ti ilẹ̀ ni. Aláwọ̀ sánmà ni èyí tí iná ń gbà padà. Èyí tó kù, bí awọ ẹran tàbí dúdú, òun ni iná wà nínú rẹ̀. Ìwé ara okùn máa ń sọ ọ́: 3G1,5 túmọ̀ sí okùn kéékèèké mẹ́ta, ti ilẹ̀ wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,5 mm². Bí ara irin ẹ̀rọ bá gba iná, okùn ilẹ̀ ló máa gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá sí, ara oníṣẹ́ ni iná máa gbà kọjá. Ṣùgbọ́n okùn ilẹ̀ kò wúlò bí ilé fúnra rẹ̀ kò bá ní irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín.

2. Eyín akọ. Tiwa níhìn-ín, eyín róbótó méjì ni, ihò kan sì wà lára akọ fún irin ilẹ̀ tó yọ láti inú ojú iná. Okùn tó ń ti Nàìjíríà kọjá ẹnubodè wá, eyín pẹlẹbẹ mẹ́ta ló ní. Kò lè wọ ojú iná wa. Àwọn kan máa ń gé orí rẹ̀ dànù, wọ́n á fi bàbà lásán há inú ihò ojú iná. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi akọ tó bá ojú iná wa mu sí i.

3. Bàbà tàbí ayédèrú. Bàbà pupa ni, ó pupa dénú. Okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n fi bàbà kun ara rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ funfun bí ìkòkò alumíníọ́mù. Kò lè gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń tètè já. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná kò sí nínú rẹ̀. Bó bá funfun lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà.

4. Awọ okùn. Bí ẹ bá rí H07RN-F lára okùn, awọ rọ́bà líle ni, ó fara da iṣẹ́ agbára, epo àti oòrùn. H05VV-F, awọ ike ni. Ó dára fún iṣẹ́ fúúyẹ́ nínú ilé.

GB. Ẹ GBỌ́ Ọ̀RỌ̀ BÀBÁ KÁFÍŃTÀ ÀTI ÌYÁ TÓ Ń TAJÀ

— Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ rà?
— Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Kẹ̀kẹ́ okùn tí wọ́n ń gbé kọ́ àjà ni.
— Ẹ wo eléyìí. Mítà 15 ni. 3000 W ló ń gbé!
— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á. Hẹn, mo rí 3000 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 1000 wà lábẹ́ rẹ̀.
— Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, Bàbá.
— Ó ṣe é o. Òun ni agbára rẹ̀ bó bá wà ní kíká. Ayùn mi ń jẹ 1400 W. Kò lè gbé e.
— Ẹ ò wá ní rà á ni?
— Màá rà á. Ẹ̀rọ tí mo fi ń dá igi lu jẹ́ 600 W, iná tó wà lórí tábìlì jẹ́ 20 W. Àwọn yẹn ni màá fi sí i. Ti ayùn, ẹ wọn mítà 12 okùn 3G2,5 fún mi lọ́tọ̀. Màá pe oníṣẹ́ iná kó gbé e gba orí igi àjà.
— Háà, Bàbá, ẹ ti mọ̀wé jù mí lọ!
— Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni, Ìyá. Ẹ máa bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ rí i pé bàbá yìí kò ra èyí tó gbówó lórí jù, kò sì ra èyí tó pọ́ọ́kú jù. Ó pín iṣẹ́ sí méjì. Ohun fúúyẹ́ wà lórí kẹ̀kẹ́. Ohun wúwo wà lórí okùn tó nà.

H. BÍ A ṢE Ń GBÉ E KỌ́

1. Ẹ pa iná láti orísun rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
2. Ẹ dè é mọ́ igi àjà tó le, tí ikán kò tíì jẹ. Bóòtù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Ẹ má dè é mọ́ pákó fẹ́lẹ́ tí a fi tẹ́ àjà. Àpótí náà wúwo, a ó sì máa fà á lójoojúmọ́.
3. Ẹ má gbé e súnmọ́ páànù. Lọ́sàn-án gangan, abẹ́ páànù máa ń gbóná bí inú ààrò. Ooru páànù á pàdé ooru iná. Ẹ jẹ́ kí ó wá sísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́.
4. Ẹ má gbé e síbi tí òrùlé ti ń jò.
5. Abo okùn gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ máa tó o, àmọ́ tí kò ní máa gbá orí ẹni tó ń kọjá.
6. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí okùn má bàa bọ́ sẹ́nu ayùn.
7. Bí okùn lásán ni ẹ gbé kọ́, ìkọ́ ike tàbí okùn ìdè ni kí ẹ fi mú un lórí igi. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ má sì fi wáyà irin dè é. Níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi okùn ìdè gbé e dúró, kí ìwúwo má bàa máa fa bàbà kúrò nínú abo.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tún wo bóyá dísjọ́ntọ̀ 30 mA wà nínú ilé. Bí iná bá ń gba ara ènìyàn kọjá, dísjọ́ntọ̀ yìí á já iná kíákíá. Ẹ̀mí ènìyàn ló ń ṣọ́.

I. ÌTỌ́JÚ

— Bí okùn bá ń padà sókè, ẹ dì í mú lọ́wọ́ títí yóò fi wọlé. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, abo á fò bí ẹgba, ó lè fọ́ ojú ọmọ iṣẹ́.
— Ẹ má tú àpótí kẹ̀kẹ́. Irin tó ká sínú rẹ̀ lágbára púpọ̀. Bó bá tú lójijì, ó lè gé ọwọ́.
— Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa iná, ẹ fa okùn jáde tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ wò ó bóyá eku ti gé e jẹ, tàbí awọ rẹ̀ ti bó.
— Lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ara okùn àti ara àpótí. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ṣọ́ra. Bó bá gbóná, ẹ dáwọ́ dúró.
— Ẹ má fi rálọ́ńjì mìíràn wọ ìdí rẹ̀, ẹ má sì so ẹ̀rọ púpọ̀ mọ́ ọn.
— Ẹ̀yin ajórin, ẹ̀rọ yín ń jẹ iná púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ àjà kì í ṣe tiyín.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bí ẹ kò bá rí ibi tí ẹ máa ti pa á, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti okùn kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ní ara òun ti le.

Bí okùn bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa iná, kí ẹ da iyanrìn gbígbẹ lé e.

J. ÌṢIRÒ

1. Ẹ̀rọ ìfági kan ń jẹ 700 W. Ẹ̀rọ tó ń dá igi lu ń jẹ 600 W. Gílóòbù ń jẹ 20 W. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀, mélòó ni wáàtì wọn? Ǹjẹ́ kẹ̀kẹ́ tó gba 1000 W ní kíká lè gbé wọn?

2. Ayùn kan ń jẹ 1540 W lórí iná 220 V. Áńpẹ̀ mélòó ni?

3. Láti ojú iná dé òkè ògiri, mítà 2. Lórí igi àjà dé òkè tábìlì, mítà 5. Láti àjà wá sílẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó, mítà 1. Ẹ fi mítà 3 kún un kí ẹ̀rọ lè yí tábìlì ká. Mítà mélòó ni kí a rà?

4. Ká ní mítà okùn kan jẹ́ 900 fràǹkì, akọ jẹ́ 1 000 fràǹkì, abo jẹ́ 1 200 fràǹkì. Ẹni tó ra mítà 12, akọ kan àti abo kan, èló ló máa san? (Iye owó yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ béèrè iye tó wà lọ́jà yín.)

K. ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí okùn tó wà nílẹ̀ fi léwu níbi iṣẹ́?
2. Nínú nọ́ńbà méjì ara kẹ̀kẹ́ okùn, èwo ni ká wò? Nítorí kí ni?
3. Báwo la ṣe ń mọ bàbà tòótọ́?
4. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ sún mọ́ páànù?
5. Iṣẹ́ wo ni okùn kékeré tó ní àwọ̀ ewé àti òféèfèé ń ṣe?

L. IṢẸ́ ILÉ

Ẹ ya ìlà mẹ́ta sínú ìwé yín. Ní ìlà kìíní, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó wà níbi iṣẹ́ yín tàbí nílé yín. Ní ìlà kejì, ẹ kọ wáàtì rẹ̀. Ní ìlà kẹta, ẹ kọ okùn tó ń lò báyìí àti ìnípọn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ kò tó o, ẹ fi pupa sàmì sí i. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì. A ó jọ wò ó. Èyí tí a bá fi pupa sàmì sí, kí a má fi í ṣiṣẹ́ mọ́ títí a ó fi pààrọ̀ okùn rẹ̀.

ÌDÁHÙN ÌṢIRÒ

1. 700 + 600 + 20 = 1320 W. Kẹ̀kẹ́ náà kò lè gbé wọn pa pọ̀.
2. 1540 ÷ 220 = 7 A.
3. 2 + 5 + 1 + 3 = mítà 11.
4. 900 × 12 = 10 800. 10 800 + 1 000 + 1 200 = 13 000 fràǹkì.